Ẹ Ṣeun Tí Ẹ Bá Wa Wọkọ̀: Ọpẹ́ Ìdílé Wa Lẹ́yìn Àyájọ́ Ọdún 40 Ìgbéyàwó Bàbá àti Ìyá Wa

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wa gbogbo, ẹ kú àdúrótì, ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú ewu omi. Àwa ọmọ la kọ ọ̀rọ̀ yìí lórúkọ ìdílé wa. Bàbá ti kà á kó tó dé ọwọ́ yín, wọ́n sì ní ká yọ ibì kan kúrò. A bẹ̀ wọ́n, a ò yọ ọ́. Ẹ máa bá a níwájú.

Nígbà tí àyájọ́ náà ku díẹ̀, Ìyá ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn ò fẹ́ gbọ̀ngàn, àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ò sì fẹ́ ayẹyẹ tí àwọn á ti máa juwọ́ sí èèyàn lókèèrè láìrí i bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tó wu àwọn ni kí àwọn jókòó pẹ̀lú àwọn tó mọ àwọn, kí oòrùn wọ̀ lójú àwọn, kí olúkúlùkù sì rí nǹkan dì mọ́wọ́ mu. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ onígbòkun ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi ìwé ìpè ránṣẹ́, ìdáhùn tí a kọ́kọ́ rí gbà kì í ṣe "a ó wá". Ìbéèrè ni: "Ṣé aṣọ lásán ló máa gbé gbogbo wa kúrò ní èbúté?" Ẹlòmíì béèrè bóyá ọkọ̀ náà ní ẹ́ńjìnnì. Ó ní. Ẹlòmíì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dojú dé, ẹlòmíì sì fẹ́ mọ irú wáìnì tó máa wà níbẹ̀ kó tó dá wa lóhùn. Síbẹ̀, ẹ wá. Ẹ fọkàn tán wa lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò ṣe rí, ìyẹn la sì kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ fún.

Ti àsìkò la fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí gbogbo wa mọ ara wa. A kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ọkọ̀ ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, bí a sì ti ń kọ ọ́ la ń rẹ́rìn-ín, torí a mọ irú àwọn tí à ń kọ ọ́ sí. Ẹ yà wá lẹ́nu. Àwọn kan nínú yín ti wà ní èbúté kí àwọn atukọ̀ fúnra wọn tó dé, bọ̀ọ̀dá wa kan tí kì í bá wọn gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ níbi ayẹyẹ kankan ló sì ṣíwájú. Kò sí ọgbọ́n tí a ì bá dá sí i. A lè sún jíjẹ síwájú, a lè sún ọ̀rọ̀ ìkíni sẹ́yìn, a ò lè sún wíwọ̀ oòrùn. Atẹ́gùn pàápàá ní wákàtí tirẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí a lọ bá a ṣètò: lọ́sàn-án, ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra lọ sókè, èyí tó tutù lórí omi á sì fẹ́ wá rọ́pò rẹ̀. Èyí tó ń fẹ́ bọ̀ yẹn ló ń ti ìgbòkun. Bí oòrùn bá ti ń lọ sílẹ̀, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, atẹ́gùn náà á sì máa rọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù kó tó kúrò ní èbúté, abẹ́ ìgbòkun tó so rọ̀ jọwọrọ ló máa jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ tètè dé lẹ jẹ́ ká rí atẹ́gùn tó gbé wa lọ. Ẹ ṣé o.

Ẹ̀yin tí a ò pè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Iye èèyàn tí ìwé àṣẹ ọkọ̀ bá sọ ni ọ̀gá ọkọ̀ ń gbà, kì í ṣe iye àyè tí ojú bá rí. A bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹni méjì kún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè pé ẹ̀wù amúniléfòó ta ni ká bọ́ fún wọn. A dákẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan tó ti ń bá Bàbá àti Ìyá bọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an wà lára àwọn tí àyè ò gbà. A ó wá kí yín nílé. Àwọn méjèèjì fúnra wọn ló ní ká kọ ìyẹn síbí.

Ẹ̀yin àǹtí wa tí ẹ bọ́ bàtà gogoro sínú apẹ̀rẹ̀ ní èbúté láìjanpata, ẹ kú ìfaradà. A mọ̀ pé bàtà náà bá aṣọ mu. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ lára, ó sì máa ń gbé èèyàn ṣubú nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti títẹ̀ yẹn ná. Nígbà tí wọ́n ta ìgbòkun ńlá tán, tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e dùn mọ́ wa díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wa sì pe orúkọ Ọlọ́run ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ìyá Ìbejì di apá ọmọ atukọ̀ kan mú, wọn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: ẹrù wúwo, irin tàbí òjé, wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ omi, bí atẹ́gùn bá ṣe ń ti òkè rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ìsàlẹ̀ á máa fà á padà, bó bá sì ṣe ń tẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn tí ìgbòkun ń rí gbà á máa dín kù. Àlàyé yẹn tẹ́ àwọn ẹnjinníà tó wà láàárín wa lọ́rùn. Ìyá Ìbejì ní kó lọ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọkọ̀.

Ibí yìí ni Bàbá ní ká yọ kúrò. Àwọn tó ń sọ fún gbogbo ilé pé àwọn ò bẹ̀rù omi ló kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí wọ́n tó tú okùn ọkọ̀ rárá. Àwọn náà ló bọ́ tiwọn gbẹ̀yìn. A ti gúnlẹ̀, a ti ń kí ara wa pé ó dàárọ̀, ó ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀rí wà nínú fọ́tò.

Yíyí ọkọ̀ ló pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ọkọ̀ onígbòkun kò lè kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ gan-an kó máa lọ. Ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́ ló máa ń gbà, ní nǹkan bíi digírì 45 sí i, á lọ sọ́tùn-ún, á yí, á lọ sósì, títí á fi dé ibi tó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè bóyá atukọ̀ ti ṣìnà ni. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ yí i, igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú máa ń gba òkè orí wa kọjá tagbáratagbára, ọ̀gá ọkọ̀ á sì kígbe pé, "Ẹ tẹrí ba!" Ìdí ọkọ̀ ni Bàbá àti Ìyá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́kọ̀, àwa tó kù sì kọjú sí wọn. Bí a bá ti gbọ́ igbe yẹn, àgbà pẹ̀lú ọmọdé á wólẹ̀ níwájú wọn bí ẹni tó wá kí ọba. Ìyá ní láti ọdún 40 yìí, ẹnikẹ́ni ò kí àwọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì wa (ó mọ ara rẹ̀) tó rí i pé ojú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá ti yí padà kí èébì tó dé. Ó mú wọn jáde kúrò nínú yàrá ìsàlẹ̀, ó fi wọ́n jókòó síta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó ní kí wọ́n tẹjú mọ́ ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Nínú yàrá, inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ojú sì ń sọ pé ògiri dúró gbagidi. Ìjà àwọn méjèèjì ló ń fa òòyì. Ó fún wọn ní ata ilẹ̀ díẹ̀ jẹ lẹ́nu pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ tí wọ́n ń béèrè pé edé dà.

Jíjẹ mímu wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìyìn pọ̀ sí, ẹni tó ni ín ò sì fẹ́ ká dárúkọ òun. Ìyàwó wa tó bójú tó ìpápánu kò gbà kí ohunkóhun tó ń béèrè ṣíbí àti fọ́ọ̀kì wọ inú ọkọ̀. Àwọn atukọ̀ máa ń sọ pé ọwọ́ kan ni tìrẹ, ọwọ́ kejì ni ti ọkọ̀. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ ṣe é fọwọ́ kan mú, kó sì tán lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe é: wàràkàṣì tí wọ́n gé kéékèèké tí wọ́n fi igi tín-ínrín gún pọ̀ mọ́ èso àjàrà, èso ólífì oníyọ̀, edé tí wọ́n ti bó, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n to ẹja eléèéfín lé lórí. Kò ṣàdédé mú ohun oníyọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ ló máa ń jẹ́ kí kíkan inú wáìnì funfun rọ̀ lẹ́nu.

Wáìnì funfun àti èyí tó ń hó ló wà, nínú àpótí oníyìnyín tí wọ́n so mọ́lẹ̀. A ò mú wáìnì pupa dání rárá, àwọn kan sì bínú díẹ̀ sí wa lórí ìyẹn. Wáìnì pupa tó bá dà sórí pákó tàbí ìgbòkun kì í fẹ́ kúrò mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ ọ́ pátápátá, ó sì tọ̀nà lójú tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ tún ní wáìnì inú ife oníke ò yàtọ̀ sí omi ọsàn, ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ lásán rìn níbi tí gíláàsì fọ́ sí ná, ká tó jọ sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ló gba ìgò wáìnì tó ń hó láti ṣí. Ó fẹ́ kí ìdérí rẹ̀ fò lọ sókè ká lè rí fọ́tò. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ le ju ti inú táyà mọ́tò lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú èèyàn ò sì jìnnà síra wọn lórí ọkọ̀. Ọmọ atukọ̀ kan fi aṣọ bo ìdérí náà, ó dì í mú ṣinṣin, ó wá ń yí ìgò fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mí jáde. À ń sọ èyí nítorí ẹ̀yin tí ayẹyẹ yín ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹnu kan ọtí, omi ni wọ́n mu títí a fi gúnlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí, omi èso tútù ni tiyín, ẹ̀yin sì ni ariwo yín pọ̀ jù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kan omi, wọ́n yí ọkọ̀ kí gbogbo wa lè rí i, wọ́n sì dẹ ìgbòkun. Olùkọ́ físíìsì tó wà láàárín wa wá sọ ohun kan: pé nígbà tí ìsàlẹ̀ oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan omi lójú wa, oòrùn gan-an ti wọ̀ tán, afẹ́fẹ́ ayé ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a ṣì fi ń rí i. Ó ní pupa rẹ̀ náà, afẹ́fẹ́ ló fà á. Lírọ̀lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń la afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ kọjá, àwọ̀ búlúù á ti fọ́n dànù lójú ọ̀nà, àwọ̀ pupa àti ti ọsàn ló máa ń kù dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ní bó bá jẹ́ pé ó ti lọ, kí àwọn tètè sọ̀rọ̀.

Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ kan di okùn mú, wọ́n yíjú sí Ìyá. Ọ̀rọ̀ wọn ò gùn. Wọ́n dúpẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn láyé ọjọ́un, Ìyá ò jẹ́ kí àwa ọmọ mọ̀, lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti ní gbogbo alẹ́ tó tẹ̀lé e, títí iṣẹ́ mìíràn fi dé. A ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Àwa ọmọ kàn ń wo ara wa ni. Ìyá nu ojú, wọ́n ní, "Dádì, ẹ jókòó, ẹ ò ní ṣubú sómi mọ́ mi lọ́wọ́."

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ lásìkò yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ṣe fún wa, Ìyá ò tíì yé sọ ti ìyẹn.

Ìpadàbọ̀ ò ní ìtàn púpọ̀. Atẹ́gùn rọ̀ bí wọ́n ti wí, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì tan iná ọkọ̀: pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun ní ìdí àti lórí òpó, bí òfin ojú omi àgbáyé ti ọdún 1972 ṣe là á sílẹ̀, kí ọkọ̀ mìíràn lè mọ ibi tí a dorí kọ. Òtútù mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bọ́ kóòtù yín fún àwọn àgbà, a rí yín, àwọn àgbà náà sì ń ṣàdúrà fún yín.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ pè láti ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ bá wa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké nílé kí òbí wọn lè rí àyè wá. Ìbànújẹ́ ò ní yà ilé yín. Ẹ̀yin náà á ṣe tiyín, ẹ ó rí wa.

Fọ́tò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ìbòrùn aláwọ̀ ewé kan àti awò ojú méjì wà lọ́wọ́ wa. Bàtà dúdú kan sì kù nínú apẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ẹni tó wọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá.