Ẹ má jẹ́ kí rélùwéè Lekki bá danfó du títì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ Green Line, ìlà rélùwéè tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ ṣe láti Marina dé Lekki Free Zone, ni mo torí ẹ̀ gbé kálámù. Kìlómítà 68 ni wọ́n ní yóò jẹ́, ọdún 2024 sì ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ China Harbour. Nínú gbogbo àbá tí àwọn èèyàn ń dá nípa rẹ̀, ọ̀kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àbá náà ni pé kí wọ́n má wulẹ̀ náwó sórí afárá gíga, kí wọ́n kàn tẹ́ irin sójú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, kí tráàmù, ìyẹn ọkọ̀ rélùwéè ojú títì, máa gba àárín mọ́tò kọjá bí wọ́n ṣe ń ṣe láwọn ìlú òyìnbó kan. Wọ́n ní á dínwó, á sì tètè parí.

Èmi kò kórìíra tráàmù. Níbi tó bá yẹ ẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo á kó èrò tí ọgọ́rùn-ún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń kó. Àmọ́ títì Lekki kọ́ ló yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ìjọba ní àwọn ń retí èrò 500,000 lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀. Níbi gbogbo tí ọkọ̀ èrò wà, wákàtí tó gbóná jù láàárọ̀ sáábà máa ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èrò ọjọ́ náà. Ìyẹn jẹ́ 50,000. Ká ní 30,000 nínú wọn ló kọjú sí Marina, ká tún ní ìdajì wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tàbí pé wọn kò tíì wọlé. Á ṣẹ́ku 15,000 èèyàn tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé kọjá níbi tí èrò ti pọ̀ jù, láàárín wákàtí kan, lápá kan ṣoṣo. Tráàmù tó gùn ní mítà 30 ń gba nǹkan bí 200 èèyàn, pẹ̀lú àwọn tó dúró. Bí wọ́n bá so méjì pọ̀, ó di 400. Kí 15,000 tó lè kọjá, á gba tráàmù alásopọ̀ 38 láàárín wákàtí kan. Ọ̀kan ní gbogbo ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń bọ̀ láti Marina náà á sì máa kọjá lódìkejì.

Ní oríta ńlá, iná adarí ọkọ̀ máa ń lo bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì kó tó kárí gbogbo ọ̀nà. Bí ẹ bá fún tráàmù láǹfààní kó máa kọ́kọ́ kọjá, ẹni tó fẹ́ ré títì kọjá láti Jakande tàbí láti Chevron kò ní rí àyè rárá. Bí ẹ kò bá fún un, tráàmù á dúró, èyí tó tẹ̀ lé e á dúró sí ìdí rẹ̀, títí wọn á fi tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Rélùwéè tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lókè, tó ń gbé 1,000 èèyàn lẹ́ẹ̀kan, á ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ 15 láàárín wákàtí, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni pàdé ní oríta.

Ẹ tún wo fífẹ̀ ọ̀nà. Irin méjì, ti àlọ àti ti àbọ̀, ń gba nǹkan bí mítà 7. Ibi tí èrò ń dúró sí tún ń gba tó mítà 3 lápá kọ̀ọ̀kan. Ìlà mọ́tò kan kò ju mítà 3.5 lọ. Nítorí náà, ìlà kan ní àlọ àti ìlà kan ní àbọ̀ ti lọ nínú mẹ́ta-mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ká má tíì sọ ti ibùdókọ̀. Àárín títì Badagry ni Blue Line, rélùwéè ìgboro Èkó tó ti ń ṣiṣẹ́, gbà, torí pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà náà lójú. Kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní Lekki.

Àwọn kan á ní kí tráàmù àti mọ́tò jọ máa lo ìlà kan náà, kí wọ́n má gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ìyà wà jù. Tráàmù kò lè yà. Danfó kan tó dúró kó èrò, tírélà kan tí táyà rẹ̀ bẹ́, tàbí ayọ́kẹ́lẹ́ kan tí ìdí rẹ̀ yọ díẹ̀ sórí irin, ìlà náà ti kú nìyẹn títí wọn á fi wọ́ ọ kúrò. Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ti jẹ ìyà yìí. Ìlà tí wọ́n ṣí ní H Street lóṣù kejì ọdún 2016 kò gùn tó kìlómítà 4, ó sì jẹ owó tó ju 200 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Àárín mọ́tò ló ń gbà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé èrò, síbẹ̀ àwọn mọ́tò tí wọn kò páàkì dáadáa ń dá a dúró lemọ́lemọ́. Lọ́dún 2025, ìjọba ìlú náà kéde pé àwọn máa pa á tì.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì náà kì í ṣe kékeré. Wíìlì irin lórí irin ni. Tráàmù tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lọ́nà tí èrò tó dúró kò fi ní ṣubú, á rìn tó mítà 80 kó tó dúró. Bí ó bá lo ti pàjáwìrì, tí mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ ọkọ̀ di irin mú, ó ṣì máa tó mítà 35 sí 40. Ẹ fi èyí wé bí ọ̀kadà ṣe ń já títì kọjá ní Ajah. Ẹ rántí náà pé irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ni Blue Line fi ń gba iná, fólítì 750, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká látòkèdélẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sójú títì. Wáyà òkè ni ọ̀pọ̀ tráàmù ojú títì ń lò, tírélà tó di ẹrù kọjá ìwọ̀n sì lè fà á já.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ló ń jẹ owó jù, òun sì ni àwọn tó ń sọ pé á dínwó kì í kà. Kò sẹ́ni tó lè fi páìpù omi, wáyà iná àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ sábẹ́ irin tráàmù, torí lọ́jọ́ tí páìpù bá bẹ́, wọ́n á ní láti dá ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó kúrò kí irin tó balẹ̀. Ní Edinburgh, nílẹ̀ Scotland, nígbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀, páìpù àti wáyà tí wọ́n bá pọ̀ ju èyí tó wà nínú àwòrán wọn lọ fíìfíì. Ọdún 2011 ni wọ́n dá pé ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2014 ló tó rìn, lórí ìlà kìlómítà 14 tí wọ́n ti gé kúrú, owó rẹ̀ sì di 776 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìlú tó ní àkọsílẹ̀ nìyẹn o.

Iná tráàmù máa ń gba wáyà òkè wọlé, á sì gba irin ilẹ̀ padà sí ibùdó iná. Bí wọn kò bá fi rọ́bà wé irin náà dáadáa, díẹ̀ nínú iná náà á sá wọ inú ilẹ̀, á gba inú páìpù tàbí irin inú kọ́ńkéré kọjá, ibi tó bá sì gbà jáde ni á ti jẹ ẹ́ bí ìpẹtà. Ilẹ̀ Lekki tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, tó tutù, tó sì ní iyọ̀, ni irú rẹ̀ máa ń yá jù.

Ká wá sọ̀rọ̀ òjò. Irin ojú títì ní ihò tóóró lójú rẹ̀, bí ìka méjì ní fífẹ̀, tí etí wíìlì ń wọ̀. Iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá piọ wọ́tà á máa kún inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá kó o, etí wíìlì á gorí ìdọ̀tí, ọkọ̀ á sì yẹ̀ kúrò lórí irin. Wọ́n máa ń ṣe àpótí kéékèèké sábẹ́ ihò náà kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n nígbà tí gọ́tà fúnra rẹ̀ bá kún, omi á padà sókè ni. Ilẹ̀ inú tráàmù ìgbàlódé kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 lọ sí orí irin, kí arúgbó lè wọlé láìgun àtẹ̀gùn, mọ́tọ̀ tó ń yí wíìlì sì tún wà nísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Omi tí danfó á rọra là kọjá lóṣù keje, tráàmù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Awakọ̀ kì í rí irin nínú omi, kò sì lè mọ̀ bóyá nǹkan ti há sínú ihò rẹ̀.

Wọ́n á ní Casablanca ńkọ́? Òótọ́ ni, ìlú ńlá ni, Áfíríkà ni, tráàmù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2012. Méjì-méjì ni wọ́n so àwọn ọkọ̀ náà pọ̀, wọ́n gùn tó mítà 65. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n fún un, títì mìíràn sì pọ̀ ní ìlú náà tí mọ́tò lè yà sí. Ní Lekki, títì kan ni gbogbo èèyàn rọ̀ mọ́. Títì etíkun Èkó sí Calabar tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024 á ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ fojú inú wo ọdún mẹ́ta tí wọ́n á fi gbẹ́ àárín títì kan ṣoṣo tí a ní.

Èkó ti ní tráàmù rí, ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀. Lọ́dún 1902 ni ti elééfín bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó, ó ń gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n tún lò ó láti kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú dà nù, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 1933. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí mọ́tò tó ń bá a du ọ̀nà.

Ohun tí mo ń bẹ ìjọba àti LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò l'Ékòó, fún nìyí. Láti Marina dé Ajah, kí wọ́n gbé e sókè lórí òpó. Láti Ajah lọ sọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà, ó lè wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọgbà, kí ọ̀nà mọ́tò máa gba òkè tàbí abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí owó òpó kò bá tíì pé, BRT, ìyẹn bọ́ọ̀sì tó ní ìlà tirẹ̀, ló sàn ká kọ́kọ́ lò, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS lọ́dún 2008, torí bọ́ọ̀sì lè yà fún ọkọ̀ tó kú sọ́nà. Ẹ má sọ fún wa pé òpó ló ń fa ìdádúró. Ọdún 2010 ni iṣẹ́ Blue Line bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni èrò tó wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ kìlómítà 13 péré ni. Owó tó ń wá díẹ̀díẹ̀ ló fà á jù.

Kí owó àtúnṣe sì wà nínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìíní. Addis Ababa ná 475 mílíọ̀nù dọ́là, ó ṣí tirẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2015 pẹ̀lú ọkọ̀ 41. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tó ń rìn kò tó ìdajì, torí wíìlì jẹ, ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò sí, owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n fẹ́ fi rà á sì wọ́n. Àwa náà mọ bí dọ́là ṣe rí lọ́jà wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ wíìlì kó tún rí róbótó gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà àtúnṣe kí ọkọ̀ kìíní tó rìn, pẹ̀lú ẹ̀yà ara tó tó lò fún ọdún márùn-ún.

Èyí tó kù kò ná wọn lówó púpọ̀: kí wọ́n tẹ àwòrán ibi tí ìlà náà máa gbà gan-an jáde báyìí, ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ ní mítà, kí wọ́n sì rí òpó àmì mọ́lẹ̀ láti Ajah dé Free Zone. Àwọn èèyàn ń ra ilẹ̀ ní Sángótẹ̀dó àti Ìbẹ̀jú lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀.

Òǹkàwé yín láti Sángótẹ̀dó, Èkó