Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ìrìn Wa sí Harpers Ferry

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi,

Bí Olúwa bá dá ẹ̀mí wa sí, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìjọ wa yóò fẹsẹ̀ rìn ní Harpers Ferry, ìlú kékeré orí òkè ní West Virginia, níbi tí odò Potomac àti odò Shenandoah ti pàdé láàárín àwọn òkè Blue Ridge. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 300. Àwọn ọ̀dọ́ wa bi mí bóyá ẹ̀bùn yóò wà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dókè. Mo ní rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan ti rìn níbẹ̀ ṣáájú wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906, Niagara Movement, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, tí ọ̀mọ̀wé W.E.B. Du Bois wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ṣe ìpàdé ní Storer College, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn Freewill Baptist dá sílẹ̀ ní 1867 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 17 oṣù náà, tọkùnrin tobìnrin wọn fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko ìdílé Murphy, níbi tí ilé bíríkì tí à ń pè ní John Brown's Fort wà nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ọn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi orin yí ilé náà ká. Ohun tí Olúwa sọ fún Mósè nínú Ẹ́kísódù 3:5, àwọn wọ̀nyí fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ṣe é.

Ilé ẹ̀rọ panápaná ni ilé náà tẹ́lẹ̀, nínú ọgbà tí ìjọba ti ń rọ ìbọn. Ibẹ̀ ni John Brown, òyìnbó tó kórìíra ìkónilẹ́rú, sá wọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859, nígbà tí òun àti àwọn ọkùnrin 21 tó kó jọ fẹ́ gba ohun ìjà láti fi tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Àwọn ológun fọ́ ilẹ̀kùn wọlé mú un, wọ́n sì so ó rọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá. Mi ò lè sọ fún yín pé ọ̀nà idà ni Olúwa fi kọ́ wa. Ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú ìkọlù náà ni Heyward Shepherd, aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè jẹun. A óò dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Síbẹ̀, ọkàn mi kò jẹ́ kí n yára dá Dangerfield Newby, aláwọ̀ dúdú tó wà lára àwọn ọkùnrin Brown, lẹ́jọ́. Òun ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n Harriet ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà lóko ẹrú ní Virginia. Harriet ń kọ lẹ́tà sí i pé kó tètè wá ra òun padà, kí ọ̀gá òun má bàa tà òun fún ẹlòmíràn. Òpópónà ìlú yìí ni wọ́n yìnbọn pa Newby sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí àwọn lẹ́tà náà.

Ṣé irú òpópónà bẹ́ẹ̀ la fẹ́ sá eré ìje lórí rẹ̀?

Ìdí kejì wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 33. Ésáù ní kí àwọn jọ máa lọ. Jákọ́bù ní àwọn ọmọdé kò lágbára, àwọn ẹran tó ń tọ́mọ sì wà lọ́wọ́ òun. Bí wọ́n bá dà wọ́n jù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, agbo á kú. Bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ti mọ, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò ṣe máa bọ̀. Mo fẹ́ràn Jákọ́bù níbẹ̀ ju ibikíbi lọ nínú ìtàn rẹ̀. Ẹ tún ka Diutarónómì 25 wò: ẹ̀yìn ni Ámálékì ti kọlu Ísírẹ́lì, láàárín àwọn tó ti rẹ̀. Ta ló wà lẹ́yìn nínú ìjọ tiwa? Mo ń ro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde. Mo ń ro opó tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó sì ti máa ń lọ kí a tó rántí kí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá àti baba wa ni yóò ṣíwájú ní Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò wà lẹ́yìn pátápátá. Ìsàlẹ̀ ìlú la óò ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti gbé ilé bíríkì náà padà síbẹ̀ láti 1968. A óò gun àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, kọjá ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter, dé Jefferson Rock, títí dé ọgbà Storer College, tó ti kógbá sílé ní 1955, ká tó wá lọ sí oko Murphy. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó má ṣe fi ipá gòkè. Ọ̀nà Virginius Island tẹ́jú, odò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn díákónì yóò sì wà pẹ̀lú yín. Ẹ gbé omi dání, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú.

Ìpìlẹ̀ ilé náà ṣì wà ní oko Murphy. Èmi yóò bọ́ bàtà mi níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè bọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ìtàn Harriet Newby fún àwọn ọmọ kí ó tó di Sátidé.