Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa tó ń lo bàṣé (ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) àtijọ́: ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò kí a tó dá iye lé e

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú iṣẹ́, a sì kí yín kú ìrìn ọ̀nà. Ìkórè àgbàdo ti ń sún mọ́lé ní agbègbè Kétu ní ilẹ̀ Benin, àwọn tó ń fi bàṣé kó ẹrù láti oko lọ sí Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì ti ń mú ọkọ̀ wá fún àtúnṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ìpinnu méjì tí ilé iṣẹ́ wa ṣe, nítorí a mọ̀ pé kò dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Èkíní ni pé a kò ní máa dá iye lé àtúnṣe ọkọ̀ àgbà lórí fóònù tàbí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, àfi tí a bá ti gbé ọkọ̀ náà sókè tí a sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Èkejì ni pé a kò ní bá ẹnikẹ́ni fi irin kún síprìngì ẹ̀yìn mọ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lè gba ẹrù sí i.

Ọkọ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Hilux tí Toyota ṣe láàárín ọdún 1988 sí 2005, Land Cruiser 75 àti 79 tó ní ẹ́ńjìnì 1HZ onísílíńdà 6, àti àwọn Peugeot 504 tó ṣì ń rìn láàárín wa. Ọkọ̀ tó ṣeé tún ṣe ni wọ́n, nítorí pé kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ lè tú wọn títí dé ìsàlẹ̀ kí ó sì tò wọ́n padà. Ṣùgbọ́n ẹrù bíi tọ́ọ̀nù 1 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn àwa àti ẹ̀yin ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fi irin méjì kún síprìngì rí i pé ìdí ọkọ̀ òun kò tẹ̀ balẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, ó sì gbà pé ọkọ̀ náà ti lágbára sí i. Síprìngì nìkan ló le sí i. Bẹ́ríǹgì, ásù (ọ̀pá tó gbé táyà), ṣásì (irin tó gbé gbogbo ọkọ̀) àti bíréèkì ṣì jẹ́ ti ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 1, gbogbo gbígbò ojú ọ̀nà tí síprìngì kò gbà mọ́ ni ó sì ń kọjá sí ara wọn, débi pé ṣásì á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ tàbí kí ó là ní ẹ̀yìn ilé awakọ̀. Èyí tó tún burú jù ni ohun tí ojú kò tètè rí. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn Hilux àti Land Cruiser wọ̀nyí, fálífù kékeré kan wà tí ọ̀pá irin tín-ín-rín so mọ́ ásù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá pọ̀ tí ìdí ọkọ̀ sì sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá náà á ti fálífù, bíréèkì ẹ̀yìn á sì gba agbára sí i. Bí ọkọ̀ bá ṣófo tí ìdí rẹ̀ sì ga, fálífù á dín agbára náà kù kí táyà ẹ̀yìn má baà há kí ọkọ̀ sì fì. Ọkọ̀ tí a fi irin kún síprìngì rẹ̀ kì í sọ̀kalẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà bí ọkọ̀ òfìfo ni fálífù ń kà á sí, á sì máa fún bíréèkì ẹ̀yìn ní agbára díẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹrù pọ̀ jù lọ. Iwájú ni yóò máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá ọkọ̀ dúró. Bí páàdì iwájú yín bá ń tètè tán tí ẹ sì ń bínú sí ẹni tó tà á fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo síprìngì yín ná.

Síprìngì tó ti rọ̀ la óò pààrọ̀ sí irú èyí tó bá ọkọ̀ wá, èyí tí irin rẹ̀ kan kán la óò fi irin bẹ́ẹ̀ gan-an rọ́pò. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ju èyí lọ, kí ó kó o lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ó gba ọkọ̀ ńlá. A mọ̀ pé àwọn kan yóò lọ bá àwọn ẹlòmíràn tí yóò ṣe é fún wọn. Wọn kò ṣẹ̀ wá.

Ní ti yíyẹ ọkọ̀ wò kí a tó dá iye lé e, ẹ jẹ́ kí a mú sítíárì tó ń gbọ̀n ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà á pè wá pé kí a sọ iye táyà iwájú méjì fún òun. Nígbà tí a bá gbé iwájú Land Cruiser sókè, tí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ tí a sì mì ín, ó lè jẹ́ pé bẹ́ríǹgì ló ti jẹ, tí táyà kò sì ní àléébù kankan. Bí ọ̀rá dúdú bá sì ti ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ inú táyà, ọ́ìlì síìlì inú ásù ló ti gbó, tí ọ́ìlì dífúránṣà (àpótí jíà àárín ásù) ń wọ inú àgbá irin roboto tó ń yí táyà sọ́tùn-ún àti sósì, tó sì ń fọ gíríìsì ibẹ̀ dànù. Iṣẹ́ ọjọ́ kan nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì jọ ti táyà rárá. Tí a bá dá iye táyà fún un lórí fóònù, owó rẹ̀ á lọ, sítíárì á sì máa gbọ̀n.

Bẹ́líìtì táímìnì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí písítìnì àti fálífù inú ẹ́ńjìnì máa rìn ní ìbámu, nìkan ni a kì í dúró yẹ̀ wò. Ní gbogbo kìlómítà 100,000 ni a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì 1HZ àti àwọn dísẹ́ẹ̀lì Hilux tí a dárúkọ, iná kékeré kan tí wọ́n kọ T-BELT sí sì wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn nígbà tí àkókò bá tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín ra ọkọ̀ yín ní àlòkù ní Kútọnu, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kìlómítà tó wà lójú aago rẹ̀ jẹ́ òótọ́, tàbí pé gílóòbù iná yẹn kò tíì jó. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ gbẹ̀yìn, kí ó kà á sí pé àkókò ti tó. Bí ó bá já lójú ọ̀nà, písítìnì á kọ lu fálífù inú ẹ́ńjìnì, owó tí ẹ̀ bá fi ra bẹ́líìtì kò sì ní tó ra gásíkẹ́ẹ̀tì tí a óò fi tún un ṣe. Ẹni tó ní Peugeot 504 lè sinmi ní tìrẹ, nítorí ṣéènì ni tirẹ̀ ń lò.

Omi rédíétọ̀ tún ń bà wá nínú jẹ́. Omi kànga máa ń fi ìdọ̀tí funfun líle sílẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tóóró rédíétọ̀, ó sì ń mú kí inú ẹ́ńjìnì dípẹtà. Omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀ ni kí ẹ máa lò. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe ìdérí lásán, nítorí ìfúnpá tó ń sé mọ́nú ni kì í jẹ́ kí omi hó bí ó bá tilẹ̀ kọjá ìwọ̀n 100. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá da omi tútù sí i lójijì lè mú kí tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, là.

A kò sọ pé kí ẹ má ra dísẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àpò kálukú nìyẹn, kò sì kàn wá. Ṣùgbọ́n kò sí òróró mìíràn tó ń mú kí pọ́ńpù dísẹ́ẹ̀lì yín máa yọ̀ ju dísẹ́ẹ̀lì tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ, omi tó bá sì bá a wọlé á mú kí irin máa ha irin. Ẹ jẹ́ kí epo inú kẹ̀ẹ̀gì silẹ̀ dáadáa kí ẹ tó dà á, ẹ má da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ní gbogbo kìlómítà 5,000, ọ́ìlì bíréèkì ní ọdún méjì-méjì, nítorí pé ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. A ti sọ ìyẹn tó.

Owó àyẹ̀wò jẹ́ 5,000 fáránkì, a óò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́ bí ẹ bá tún ọkọ̀ náà ṣe lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, a óò kọ ohun gbogbo tí a rí sílẹ̀. Bí owó ọwọ́ yín kò bá tó gbogbo rẹ̀, bíréèkì àti sítíárì ni a óò kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì àti rédíétọ̀, lẹ́yìn náà pọ́ńpù àti nọ́súù (ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì). Ọ̀dà àti ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù ló máa kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an lẹ mú ọkọ̀ wá fún. A kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dára jáde lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọ̀dà tuntun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọkọ̀ wá láìsí ẹrù lórí rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé àtúnṣe tó ti kọjá dání bí ó bá wà. Gbogbo ohun tí a bá yọ kúrò lára ọkọ̀ ni a óò kó fún yín nínú àpò kan.

Àwa ni tiyín,
Ọ̀gá ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀, Kétu