Ẹ Fún Ìbéèrè Wa Láàyè Nínú Ìwé Ìròyìn Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á ní ìkòríta wa, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà owó ìtanràn nítorí ẹyẹ lékeléke. Mo ti san án. Ọ̀rọ̀ náà ni kò kúrò lọ́kàn mi.

A ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp, àwa tí a jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wá. Èyí tó pọ̀ jù wà l'Óṣogbo, Ìbàdàn àti Èkó, ẹnì kan wà ní Kútọnu, ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Tíṣà tó kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún náà wà níbẹ̀. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, títí kan àwọn tó ti ní ọmọ ọmọ nínú wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa tó ń gbé nítòsí Houston, l'Amẹ́ríkà, fi àwòrán kan ránṣẹ́. Pápá ni. Àwọn màlúù dúdú ń jẹko níbẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ń tẹ̀lé wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ gun ẹ̀yìn màlúù. Ó béèrè pé, “Ẹ̀yin ará ilé, ṣé lékeléke wa kọ́ nìyí? Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa níbí?”

Kí n tó fi òwú sí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi, èsì ti lé ní ogún. Àwọn kan ní òun ni. Àwọn kan ní kì í ṣe òun, torí pé ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà ní àwọ̀ lórí àti láyà, bí ìgbà tí epo pupa bá ta sí aṣọ funfun. Ẹni tó ń ta aró nínú wa ní àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Níbo ni ẹlẹ́fun ti wá rí epo?

Bàbá Tíṣà kò dáhùn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fi ohùn wọn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko. Wọ́n ní lékeléke náà ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbé e lọ, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìyẹ́ rẹ̀ fò kọjá òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún 1877 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Suriname, orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ló ti ń ràn lọ sókè, títí wọ́n fi rí i tó kọ́ ìtẹ́ ní Florida lọ́dún 1953. Wọ́n ní ibi tí màlúù bá wà ló máa ń wà, nítorí bí màlúù bá ti ń rìn nínú koríko ni tata àti ìrẹ̀ ń ta sókè, tí lékeléke sì ń ṣà wọ́n jẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ti gé igbó, wọ́n ti kó màlúù sí pápá, oúnjẹ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ní ti àwọ̀ epo yẹn, wọ́n ní bí ó bá fẹ́ yé ẹyin ni irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yọ lórí, láyà àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwa kì í sábà rí i torí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti gba òkè Ọya lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yé.

Mo dá ẹ̀rọ dúró gbọ́ ọ. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọmọdé ni mo fi ń wo ẹyẹ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ó ní ibi tó ń lọ.

Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nínú wa wá mú ọ̀rọ̀ èékánná wọ̀ ọ́. Ẹ rántí pé bí lékeléke bá ń fò kọjá, a ó na ọwọ́ méjèèjì sí i, a ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ẹni tí àmì funfun bá yọ lórí èékánná rẹ̀, ọba ọmọ ni títí yóò fi di ọjọ́ tí wọ́n bá gé e. Nọ́ọ̀sì ní ohun tó sábà ń fa àmì yẹn ni pé nǹkan ti gbá ìdí èékánná láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bí èékánná ṣe ń hù ni àmì náà ń sún síwájú. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nínú wa ní òun kò gbà, pé lékeléke ló fún òun ní tòun ní ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun, òun sì rántí ọjọ́ náà. Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, kọ ọ́ pé láti oṣù méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun máa rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. A jà lórí bóyá pákí ni, ẹ̀gẹ́ ni, àbí gbágùúdá. A gbọ́ pé àlùbọ́sà, wákàtí àti àlàáfíà, láti inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan, èmi náà béèrè. Mo ń wọn aṣọ fún oníbàárà, mo pe àyà rẹ̀ ní méjìdínlógójì, ọmọ iṣẹ́ mi dúró, kò mọ ohun tí yóò kọ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, ó kọ ọ́ kíá. Ó wá bi mí pé, “Mà, kí ló dé tí Yorùbá fi ń dín in, tí wọn kò kàn ro ó pọ̀?” N kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi. Bàbá Tíṣà ní owó ẹyọ ni ká wò: márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi ọwọ́ fà á, tó bá di ọ̀nà mẹ́rin, ogún dé, ìdì mẹ́wàá irú rẹ̀, igba dé, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀kẹ́, tó jẹ́ 20,000, ọ̀kẹ́ yẹn gan-an sì ni àpò tí wọ́n ń kó o sí. Ẹni tó bá ti rí ìdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lójú, ohun tó kù kí ó pé ni yóò pè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n mi, lábẹ́ orúkọ oníbàárà yẹn, láàárín àyà 38 àti ìbàdí 42. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá Tíṣà bá wa sọ, òun àti nǹkan méjì mìíràn péré ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi.

Ní ọdún tó kọjá, mo ya àwòrán agbádá bàbá mi, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú àpótí, mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá Tíṣà níkọ̀kọ̀. Mo fẹ́ mọ orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà láyà rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ṣọdún Iléyá, wọ́n dá mi lóhùn. Mo rí i pé ohùn wọn ni, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Aṣọ mẹ́rìnlá wà nílẹ̀ tí àwọn tó ni ín ń retí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń ṣàìsàn. Mo ní n ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́yìn ọdún. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, àwọn ọmọ Bàbá kéde pé wọ́n sùn, wọn kò jí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

N kò lè tẹ ohùn náà. Bí mo bá ti rí orúkọ wọn lójú fóònù ni omi ń bọ́ lójú mi. Mo ń sọ ọ́ di ọ̀la, ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, fóònù náà já bọ́ láti orí tábìlì sínú abọ́ omi tí mo fi ń wọ́n aṣọ kí n tó lọ̀ ọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe tú u, ó sá a sóòrùn, ó sapá gan-an, ṣùgbọ́n kò jí mọ́. Mo gba nọ́ńbà mi padà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn kò padà.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí wá ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, na ọwọ́ sí lékeléke níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì yíjú sí mi pé, “Màmá àgbà, níbo ni wọ́n ń lọ?” Ó wù mí kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Tíṣà fúnra wọn. Mo kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ pé ẹni tí ohùn ọ̀rọ̀ lékeléke bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ti pa á rẹ́ kí fóònù wọn má baà kún, àwọn mìíràn ti pààrọ̀ fóònù. Alámòójútó wa sì ní òfin tuntun ti wà, pé ìkéde ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti owó oṣooṣù nìkan ni a gbọ́dọ̀ gbé wá síbẹ̀, kí n san owó ìtanràn.

N kò bá a jà. Ó ní ìdí tó fi ṣe é. Ẹnì kan nínú wa pàdánù ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ torí pé ìkéde náà ti rì sábẹ́ ọ̀rọ̀ pákí àti ẹ̀gẹ́, ó sì dùn ún púpọ̀. Ohun tó bí mi nínú ni gbólóhùn tí ẹlòmíì fi tì í lẹ́yìn: pé àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni. Olóòtú, ó ní láárí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń ka iye ní Yorùbá dé igba báyìí, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn tó kéré sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ìdajì ojú ìwé kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún irú ìbéèrè báyìí. Kí ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì nípa nǹkan kan kọ ọ́ wá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn òǹkàwé sì dáhùn. Ẹ má fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ọdẹ mọ ohun kan nípa ẹyẹ, aláró mọ̀, nọ́ọ̀sì mọ̀, awakọ̀ tó ń na òkè Ọya mọ̀. Bí ìdáhùn méjì kò bá bára mu, ẹ tẹ méjèèjì, kí ẹ kọ ìlú ẹni tó sọ ọ́ sí i. Tí ó bá sì jẹ́ pé a ti rí òtítọ́ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ sọ fún wa.

Bàbá Tíṣà ló sọ fún wa pé ní oṣù December ọdún 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń tà á ní 120 owó ẹyọ, pé ohun tó ń fẹ́ ni kí àwọn ènìyàn kọ́ àṣà wíwá ìmọ̀ nípa ìwé kíkà. Iṣẹ́ yín ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí bébà fi dára. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń gé pátánì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gé apá bùbá lára èyí tó ti pé ọdún mẹ́fà, ojú mi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú iṣu kó má jẹrà. Mo fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo kà á tán, mo sì fi bébà mìíràn gé apá náà. Ọdún mẹ́fà, eku kò jẹ ẹ́, omi kò sì pa á. Ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà kò rí irú ibi bẹ́ẹ̀ sùn sí.

Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè mi jẹ́ àkọ́kọ́. Sányán ni agbádá bàbá mi, àwọ̀ rẹ̀ bí ti erùpẹ̀ gbígbẹ, òwú funfun ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ sí i lára, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é, torí pé mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, n kò rí ojú ẹ̀rọ kankan. Lápá òsì àyà, àwọn nǹkan tó ṣe ṣóńṣó gùn wálẹ̀ bí ẹnu ọ̀bẹ. Lápá ọ̀tún, òbìrìkítí kan wà tó ń ká wọnú ara rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Mo mọ̀ pé àwọn Hausa ń pe ti apá òsì ní ọ̀bẹ ní èdè tiwọn. Kí ni àwọn aránṣọ àtijọ́ tiwa, ní Ìṣẹ́yìn, ní Ìlọrin tàbí l'Óṣogbo níbí, ń pe méjèèjì? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń fi ọwọ́ ká òbìrìkítí yẹn tí kò fi yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.