Ìdí tí kẹ̀kẹ́ wa kì í fi í gun márosẹ̀: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú òwò, a sì dúpẹ́ pé ẹ kò yẹ̀ lẹ́yìn wa láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìpájà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi àwọn awakọ̀ wa léèrè ìdí tí wọn kì í fi í gbé èrò kọjá Ìyànà Ìpájà lọ sí Ìkẹjà, nígbà tí àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn ń yọ́ lọ ní ìdájí. Ó tọ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni wá.

Ti òfin ni ká kọ́kọ́ sọ. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ elérò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ìkẹjà sì wà nínú wọn. Wọ́n tún ka àwọn ọ̀nà márosẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gùn, èyí tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tó gba Ìyànà Ìpájà kọjá, sì jẹ́ ọ̀kan. Bí wọ́n bá mú kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, èrò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ tòun tẹrù sẹ́bàá títì.

Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí òfin, a kò ní lọ. Táyà kan ló wà níwájú kẹ̀kẹ́, méjì wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pẹ̀lú. Nígbà tí èrò mẹ́ta bá ti jókòó, tí a tún ki àpò ìrẹsì sẹ́yìn wọn, ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo yóò wà, táyà iwájú yóò fúyẹ́, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Bí awakọ̀ bá wá ṣẹ́rí lójijì lórí eré nítorí dáńfó tó já wọ ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ̀kẹ́ yóò fi lélẹ̀. Afẹ́fẹ́ tírélà tó bá sáré kọjá lásán tó láti mì ín.

Kì í ṣe eré ni wọ́n ṣe é fún láti ilẹ̀ wá. Ní Japan, ní nǹkan bí ọdún 1870, ènìyàn ló ń fi ẹsẹ̀ rìn fa baba ńlá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní rickshaw. Nígbà tí Buba Marwa ń ṣàkóso Èkó, láàrin 1996 sí 1999, ni ẹlẹ́ńjìnì gbòde níbí, tí a sì fi ń pè é ní Kẹ̀kẹ́ Marwa títí dòní. Ọ̀nà àdúgbò, tí bọ́ọ̀sì kò lè ráyè yí, ni kẹ̀kẹ́ ti ń jẹ́ ọba.

Ìdí kan náà ni a kò fi í gbé èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni a ń pàdánù. Ẹni tó bá há síbẹ̀ yóò tẹ ìgbọ̀nwọ́ awakọ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò sì ní ṣeé yí dé òpin. Ẹrù tó bá gba àyè èrò kan, owó èrò kan ni a ó gbà lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá awakọ̀ jà sí i, nítorí láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ̀yin náà mọ iye tí a ń ra epo.

Ẹni tó bá ń lọ sí Ìkẹjà, a ó gbé e dé Ìyànà Ìpájà, níbi tí yóò ti wọ bọ́ọ̀sì. Bí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀, kí ó sọ fún awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra, yóò bá a gbé e dé ẹnu ọkọ̀ láìgba owó kún un.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alákòóso