Kí Àwọn Olùyẹ̀wò Báńkì Dé Ẹ̀pẹ́ Ká Tó Tún Yá Owó Ọ̀nà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi so Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire mọ́ Èkó ti gbẹnu kan ní etíkun wa yìí. Ọ̀nà náà lé ní 1,000 kìlómítà, yóò gba orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá, Àgbádárìgì ni yóò sì bá wọ ilẹ̀ wa. Báńkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní AfDB, wà lára àwọn tó ń ṣáájú ètò rẹ̀. Èmi kò lòdì sí ọ̀nà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ká kọ́kọ́ yẹ èyí tí a ti yáwó ṣe wò dáadáa.

Lọ́dún 2008, AfDB fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 85 dọ́là fún ọ̀nà Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni yóò ṣe é, tí yóò sì máa gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ fún 30 ọdún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, àwọn ará àdúgbò sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ra àdéhùn náà padà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà o.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé dọ́là ni wọ́n yá, náírà sì ni owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Lọ́dún 2008, dọ́là kan kò tó 120 náírà. Lọ́dún 2024, ó ré kọjá 1,400. Mílíọ̀nù dọ́là kan tí kò tó mílíọ̀nù 120 náírà nígbà yẹn ti di ohun tó lé ní bílíọ̀nù 1.4 náírà. Ta ni ẹrù yẹn wà lórí rẹ̀? Àwa ni. Ẹni tó ń kó ẹja láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó wà níbẹ̀, kódà bí kò bá mọ̀ pé ẹnì kan yáwó.

AfDB ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ IDEV, tó ń yẹ iṣẹ́ báńkì náà wò. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń jábọ̀ fún, kì í ṣe ààrẹ báńkì, kí ẹni tó yáni lówó má baà máa fúnra rẹ̀ gbóríyìn fún ara rẹ̀. Báńkì Àgbáyé náà ní tirẹ̀, IEG. Ètò tó dára ni, mo sì gbóṣùbà fún un. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni ìwé wọn máa ń wà, ọ̀dọ̀ àwọn olùdarí ní Abidjan, níbi tí olú-iṣẹ́ AfDB wà, ni ti AfDB sì ń lọ. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí wọ́n bá ń béèrè bóyá iṣẹ́ kan wúlò, tí yóò sì tọ́jọ́, àwọn awakọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Ajah ló yẹ kí wọ́n bi, àti àwọn ìyálọ́jà, àti àwọn tí ọ̀nà gba ilẹ̀ wọn.

Nítorí náà, mo ń rọ àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì: ẹ béèrè àbájáde àyẹ̀wò ọ̀nà Lẹkki lọ́wọ́ báńkì náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún wa ní Yorùbá ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ẹni tí yóò ru ẹrù dọ́là lọ́tẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Bálógun, Ẹ̀pẹ́