Àwọn ará Íńdíà ò kàn ń kan sáárá sí Shakespeare

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Òǹkọ̀wé yín kan sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ohun tí òyìnbó bá ti wí nípa Shakespeare náà làwọn ará Íńdíà ń wí tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ yẹn ku díẹ̀ káàtó. Òótọ́ ni pé òyìnbó ló gbé e wá, Hindu College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Calcutta lọ́dún 1817 fi kọ́ àwọn ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1875, Bankim Chandra Chattopadhyay (òǹkọ̀wé ará Íńdíà, òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó sì ni o!) gbé Shakuntala kalẹ̀, ìyẹn obìnrin inú eré tí Kalidasa, akéwì Íńdíà ayé àtijọ́, kọ, ó gbé Miranda inú The Tempest àti Desdemona inú Othello, eré Shakespeare méjèèjì, tì í, ó wá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń wo ìyàwó tọ́mọ ẹ̀ mú wálé.

Tagore, akéwì ará Íńdíà tó dé lẹ́yìn ẹ̀, tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní nínú The Tempest, agbára ni Prospero, bàbá Miranda, fi ń darí gbogbo nǹkan ní erékùṣù tí wọ́n ń gbé, Ariel, ẹ̀mí àìrí tó ń sìn ín, òmìnira ló ń bèèrè, Caliban ńkọ́, ẹrú ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Shakuntala ń kúrò nínú igbó tó dàgbà sí lọ sílé ọkọ, ẹkún ló gba ibẹ̀, ọmọ àgbọ̀nrín tó fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ ń fà á láṣọ. Ṣé ẹni tó ń wí tẹ̀lé òyìnbó nìyẹn? Ó gbè sẹ́yìn tilé ẹ̀ díẹ̀ ṣá, mi ò jiyàn.

Nígbà tó wá di 1989, Ania Loomba, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ará Íńdíà, ní ó jọ pé àwọn tó ń ka Othello ní Yunifásítì Delhi lọ́dọọdún pọ̀ ju ti gbogbo yunifásítì Bírítéènì lápapọ̀, obìnrin ló sì pọ̀ nínú wọn, ó wá ń bèèrè báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní eré tí ọkọ ti ń pa ìyàwó láìmẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ọ̀rọ̀ obìnrin.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọn ò dá Kalidasa náà sí. Romila Thapar, onímọ̀ ìtàn ará Íńdíà, ṣàlàyé lọ́dún 1999 pé nínú Mahabharata, ewì ìtàn àtijọ́ tí ìtàn yẹn ti wà ṣáájú Kalidasa, Shakuntala kì í ṣe onítìjú rárá, ọba tó jẹ́ ọkọ ẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, obìnrin yẹn sì sọ̀rọ̀ sí i lójú gbogbo ààfin, Kalidasa ló wá fi èpè tó mú kí ọba gbàgbé ìyàwó ẹ̀ àti òrùka tó mú un rántí bo ẹ̀bi ọba mọ́lẹ̀. Kí òǹkọ̀wé yín lọ ka ìyẹn náà kó tó tún kọ̀wé.

Tíṣà lítíréṣọ̀ kan, Ìbàdàn